Òyìnbó Ìwé, Òyìnbó Ẹnu: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn tó ń Kọ́ṣẹ́ Olùkọ́ Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin àgbà olùkọ́ tí ẹ jókòó níwájú, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, mo kí yín o. Nígbà tí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wá bá mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí èdè Gẹ̀ẹ́sì, mo ní n ó wá, ṣùgbọ́n Yorùbá ni n ó fi sọ ọ́. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Sà, ọ̀rọ̀ òyìnbó náà lẹ fẹ́ fi Yorùbá sọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ bá ní sùúrù, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ kí n tó sọ̀ kalẹ̀ níbí.

Lọ́dún kan, mo lọ wo akẹ́kọ̀ọ́ wa kan tó wà lẹ́nu TP, ìyẹn ìfiṣẹ́ olùkọ́ dánra wò, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan. N kò ní dárúkọ ìlú, n kò sì ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ náà mọ̀wé. Lesson note rẹ̀ mọ́ tónítóní. Concord, ìyẹn bí olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe ń bára mu, ló fẹ́ kọ́ wọn, ó sì to àwọn òfin rẹ̀ láti ìkíní dé ìkejìlá sójú bóòdù, àwọn ọmọ ń dà á kọ. Ó wá kù kí ó fún wọn ní iṣẹ́ ṣe. Ó fẹ́ kí wọ́n ya bébà kan, kí wọ́n ká a sí méjì, kí wọ́n kọ gbólóhùn mẹ́ta sí apá òsì, kí wọ́n sì gbé e fún ẹni tó jókòó tì wọ́n láti wá àṣìṣe inú rẹ̀. Iṣẹ́ tó dára gan-an ni. Ó la ẹnu, ó ní, "Take your paper, you will now, em, do it like this." Ó gbé bébà sókè, ó ká a. "Like this, like this." Àwọn ọmọ ń wo ojú ara wọn. Ẹnì kan ká tirẹ̀ sí mẹ́rin, ẹnì kan lẹ́yìn ti fi tirẹ̀ ṣe ọkọ̀ òfúrufú. Nígbà tó sú u, ó pariwo: "Ẹ ká a sí méjì, ẹ̀yin ọmọ yìí!" Kíá, bébà ogójì ti di méjì.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni ọmọ yìí ti fi ka gírámà ní yunifásítì. "Fold" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó le. Bó bá rí i nínú ìwé, yóò mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ohun tí kò tíì ṣe rí ni kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ẹni tí yóò fi ọwọ́ ṣe é. Lẹ́yìn iṣẹ́, a jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mo sì bi í pé ìgbà wo ló sọ òyìnbó fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìdúró gbẹ̀yìn. Ó ronú títí. Ó ní ó jọ pé ìgbà tí òun ṣe debate ní JSS 3 ni.

N kò bínú sí i. Ẹ bá mi tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà, ẹ ó rí i pé àwa la rán an ní ọ̀nà náà. Nínú ìdánwò WAEC ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ìdánwò kẹta ni wọ́n ń pè ní Test of Orals. Ọgọ́ta ìbéèrè ni, A dé D, kí o fi pẹ́ńsù kun èyí tó bá wù ọ́. Oral ni orúkọ rẹ̀, ẹnu kò sì ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni tí kò fọhùn láti àárọ̀ lè gba èsì tó dára jù lọ nínú rẹ̀. Ó jáde níbẹ̀, ó bọ́ sí JAMB: Use of English, ọgọ́ta ìbéèrè náà ni, lórí kọ̀ǹpútà. Ó wọ yunifásítì, ó bá GST 111 pàdé, èyí tí wọ́n ń pè ní Communication in English. Ọ̀pọ̀ ibi ló jẹ́ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ló kún gbọ̀ngàn náà fọ́fọ́, kọ̀ǹpútà náà ni wọ́n sì tún fi ń dán wọn wò. Ìka ló ṣe gbogbo ìdánwò wọ̀nyẹn. Ó dà bí ẹni tó kọ́ ìlù fún ọdún mẹ́rin tí kò di kọ̀ǹgọ́ mú rí, tí wọ́n wá gbé e síwájú agbo lọ́jọ́ òde.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Àwọn tó ń ṣe WAEC lọ́dọọdún ní Nàìjíríà ju mílíọ̀nù kan lọ; ta ni yóò jókòó ti gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó máa gbọ́ òyìnbó? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ di nọ́ọ̀sì kò ní fi pẹ́ńsù gún abẹ́rẹ́. Ẹnu ni irinṣẹ́ tiwa, ó sì yẹ kí ẹ̀ka tó ń kọ́ olùkọ́ gbọ́ ọ kí ọmọ aláìṣẹ̀ tó gbọ́ ọ.

Ọ̀nà míì ti wà rí. Ẹ rántí Àjàyí ọmọ Ọ̀ṣóògùn tí a wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Wọ́n kó o lẹ́rú lọ́dún 1821, ọkọ̀ ogun ojú omi gba òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Freetown lọ́dún 1822. Kò gbọ́ òyìnbó. Nígbà tó fi máa di 1827, ó ti wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ Fourah Bay, kò sì pẹ́ tí òun náà fi ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ìlú tí Ẹ̀gbá, Ìgbò, Haúsá àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà míì ti pàdé ni Freetown ìgbà náà, àárín wọn kò sì lè gún láìsí òyìnbó. Ọjà ló ti ń sọ ọ́, ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń sọ ọ́, kíláàsì ló ti ń sọ ọ́. Ọkùnrin yìí kan náà ló sì kó àwọn ọ̀rọ̀ èdè wa jọ sínú ìwé tó jáde lọ́dún 1843. Ẹ fi ìyẹn sẹ́nu ná, a ó padà débẹ̀.

Irú òyìnbó wo ni kí olùkọ́ wá sọ? Ìbéèrè yìí máa ń dá ìjà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì wa. Àwọn kan ń fẹ́ kí a máa gba imú sọ̀rọ̀ bí àwọn tó ń ka ìròyìn ní Lọ́ńdọ̀nù. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bánjọ, tó ti ṣe gíwá Yunifásítì Ìbàdàn rí, ti là á fún wa láti ọdún 1971. Ó pín òyìnbó tí a ń sọ ní Nàìjíríà sí ọ̀nà mẹ́rin. Èkíní ni ti ẹni tó ń tú èdè ìyá rẹ̀ sí òyìnbó ní tààrà. Ẹ̀kẹrin ni èyí tó bá ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn mu délẹ̀, tí àwọn ará ilé sì máa ń fi ẹni tó bá ń sọ ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń ṣe àṣejù. Ẹ̀kẹta ni Bánjọ tọ́ka sí: èyí tí ará ilé gbà, tí ará òkèèrè sì gbọ́ yékéyéké. Ibẹ̀ ni èmi náà dúró. N kò ní bá yín jà torí "sorry" tí ẹ ń sọ fún ẹni tó fẹsẹ̀ kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin kọ́ lẹ gbé òkúta sọ́nà; ẹ pẹ̀lẹ́ ni, ó sì dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jáde lọ tó sọ fún àlejò pé "I'm coming", tó sì lọ fún wákàtí kan, ti gbé àlejò náà sí wàhálà. Ẹni tó ń sọ ìtàn ìyá rẹ̀ tó ń pè é ní "he", nítorí pé "ó" wa kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin, yóò da orí àwọn ọmọ rú. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ èyí tó jẹ́ àṣà wa àti èyí tó jẹ́ gbagaùn.

Ẹ jẹ́ kí a wá sórí ìró, torí ibẹ̀ ni mo ti máa ń gbádùn. Yorùbá ní fáwẹ̀lì àìránmúpè méje. Òyìnbó tó wà nínú àwọn ìwé ìró tí a ń lò ní ogún, bí a bá ka àwọn tó jẹ́ méjì-lẹ́ẹ̀kan mọ́ ọn. Ogún àlejò ló fẹ́ sun yàrá méje! Nítorí náà ni "ship" àti "sheep" ṣe ń sùn lórí ẹní kan ṣoṣo lẹ́nu wa. Ní ti kọ́ńsónáǹtì, Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní ìró "v", kò ní "z", kò ní "th" méjèèjì. "Van" di "fan", "think" di "tink". A kò sì fẹ́ràn kí kọ́ńsónáǹtì méjì dì mọ́ra, ìdí nìyẹn tí "bread" fi di búrẹ́dì tí "stove" sì di sítóòfù. Nínú Yorùbá, ọgbọ́n èdè ni ìyẹn, kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ọmọ tó bá wá sọ "sitiriti" fún "street" kò ya òpè. Ọgbọ́n èdè ìyá rẹ̀ ló ń lò níbi tí kò yẹ. Olùkọ́ tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò fi fáwẹ̀lì tó yọ́ wọlé hàn án, yóò ní kó lé e jáde. Olùkọ́ tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò kàn ní "Say it well!", ọmọ yóò sì tún un sọ bó ṣe sọ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́, pẹ̀lú ariwo sí i.

Ẹ gbé ọwọ́ lé ọ̀nà ọ̀fun yín nísinsìnyí. Ẹ sọ "sss". Ọ̀fun dákẹ́. Ẹ wá ṣe bí oyin tó ń fò: "zzz". Ẹ gbọ́ bó ṣe ń gbọ̀n lábẹ́ ìka yín? Ìyàtọ̀ "Sue" àti "zoo" kò ju ìyẹn lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni "fan" àti "van". Mo ti rí ọmọ pírámárì mẹ́rin tó mú un láàárín ìṣẹ́jú méjì nítorí ọwọ́ tó gbé lé ọ̀fun, mo sì ti rí ẹni tó gboyè jáde tí kò mú un rí nítorí pé àwòrán ahọ́n inú ìwé nìkan ni wọ́n fi hàn án.

Ti ìtẹ̀ sílébù, tí wọ́n ń pè ní stress, ló gba àfarabalẹ̀ jù. Etí wa mú ṣáṣá sí ohùn. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kò lè pa Yorùbá kankan lọ́nà dà. Ṣùgbọ́n òyìnbó kì í ṣe é báyẹn. Yorùbá máa ń pín àkókò fún sílébù bí ìyá tó ń bu oúnjẹ fún àwọn ọmọ: ìwọ gba, ìwọ náà gba. Ní ti òyìnbó, àgbà kan ṣoṣo ló ń kó ẹran inú abọ́, àwọn tó kù á máa họ ìkòkò. Nínú "comfortable", iwájú ló gba ẹran. Àwa a pè é ní "kọ́m-fọ-té-bù", kálukú pẹ̀lú ẹran tirẹ̀. Bí o bá tẹ iwájú "present", ẹ̀bùn ni. Bí o bá tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ó di kí a gbé nǹkan kalẹ̀ níwájú ènìyàn. Ẹ má fi àmì kéékèèké orí sílébù bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ ńlá kan fún àgbà, àtẹ́wọ́ ìka kan fún àwọn yòókù. Ọmọ onílù ni wá, kò ní le.

Mo ti fẹ́ gbàgbé bébà ọmọ wa. Èdè tí olùkọ́ fi ń ṣiṣẹ́ nínú kíláàsì kò pọ̀ tó bí ẹ ṣe rò. Bí mẹkáníìkì ṣe mọ orúkọ sípánà kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí àwa náà mọ gbólóhùn iṣẹ́ wa, kí ó wà lórí ahọ́n láìronú. "Turn to page twelve. Work with the person next to you. You have five minutes. Pens down. Who hasn't got a book? Say that again, a little louder." Gbólóhùn kúkurú ni gbogbo wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fẹ́ràn kí wọ́n sọ pé "I would like you all to kindly proceed to", kí wọ́n tó dé ibi ọ̀rọ̀, ọmọ ti sùn. Kí kálukú yín ra ìwé kékeré kan. Ẹ pín in sí àwọn iṣẹ́ inú kíláàsì: ìkíni, àṣẹ, ìbéèrè, ìyìn, àtúnṣe, ìdákẹ́jẹ́, ìdágbére. Ẹ máa kọ gbólóhùn sí i bí ẹ bá ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ tó mọṣẹ́, kí ẹ sì máa pè é síta ní yàrá yín títí ẹni tí ẹ jọ ń gbé yóò fi bẹ̀ yín.

Bí ẹ bá ti pàṣẹ tán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi àwọn ọmọ pé "Do you understand?" Ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ dáadáa kò ní sọ fún àgbà pé kò yé òun. "Yes, sà" tó ń ti ẹnu àádọ́rin ọmọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ìkíni ni, kì í ṣe ìdáhùn. Ẹ nawọ́ sí ẹnì kan: "Tell me, what will you do first?" Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ bóyá òyìnbó yín dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tàbí ó jábọ́ sójú ọ̀nà.

Ní ti ìfidánrawò, àwọn ará Stanford ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Dwight Allen níwájú wọn, ló bẹ̀rẹ̀ èyí tí à ń pè ní microteaching láàárín ọdún 1960 sí 1969. Kọ́ ènìyàn díẹ̀ ní nǹkan kan ṣoṣo fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí wọ́n gbà ọ́ sórí ẹ̀rọ, wo ara rẹ, kí o tún un kọ́. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, a sọ ọ́ di ayẹyẹ: akẹ́kọ̀ọ́ á wọ kóòtù, á ṣe é lẹ́ẹ̀kan, a ó fún un ní máàkì, ó parí. Àtúnkọ́ tó jẹ́ ọkàn iṣẹ́ náà la yọ kúrò. Ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ tí wọ́n rà fún yàrá èdè ńkọ́? Ní ibi kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, eruku ló wà nínú àwọn earphone. Bí iná bá wà, kọ́kọ́rọ́ kì í sí, bí kọ́kọ́rọ́ bá wà, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ti fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo yín. Fi ìṣẹ́jú mẹ́ta ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ro àmàlà, ní òyìnbó, kí o gbà á sílẹ̀. Gbọ́ ọ. Yóò tì ọ́ lójú. Ohùn ara ẹni máa ń ti gbogbo wa lójú. Kọ ohun tí o sọ gan-an sílẹ̀, má kọ ohun tí o rò pé o sọ. Mú àṣìṣe kan ṣoṣo, tún un ṣe, gbà á lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tó bá fẹ́ tún márùn-ún ṣe lẹ́ẹ̀kan yóò yadi.

Ìbẹ̀rù yẹn gan-an ló ń pa òyìnbó yín. Ẹnì kan á dìde ní kíláàsì, á ṣi "has" àti "have" lò, gbogbo ènìyàn á pariwo "Gbagaùn!" Ó dùn, mo mọ̀, èmi náà ti pa á lẹ́rìn-ín rí. Ṣùgbọ́n ẹ ka iye ìgbà tí ẹni náà tún nawọ́ sókè títí sáà fi parí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, owó ìtanràn ni a ń san ní ilé ẹ̀kọ́ mi bí a bá sọ Yorùbá. Vernacular, wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ bí ẹni ń pe àrùn. Olórí kíláàsì á kọ orúkọ wa sínú bébà. Bàbá mi kò ní owó tí yóò máa fi ṣòfò báyẹn, nítorí náà mo wá ọgbọ́n dá: mo dákẹ́. Ọdún méjì ni mo fi dákẹ́. N kò sọ Yorùbá, n kò sì sọ òyìnbó, wọ́n sì kọ "quiet and well behaved" sínú èsì ìdánwò mi.

Ìyẹn ló mú mi padà sí ìdí tí mo fi ń fi Yorùbá bá yín sọ̀rọ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ yòókù fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Òyìnbó, wọ́n kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, wọ́n sì wá olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ òyìnbó dunjú fún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òyìnbó àwọn ọmọ náà yóò bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọn kò rẹ̀yìn nínú òyìnbó sí àwọn tí wọ́n fi òyìnbó kọ́ ní gbogbo iṣẹ́ láti pírámárì mẹ́rin. Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn Ifẹ̀, ipa Yorùbá nìkan la máa ń sọ. A máa ń gbàgbé olùkọ́ òyìnbó yẹn, tó jẹ́ pé ìwọ̀nba àkókò díẹ̀ ló ní lójúmọ́, tí ẹnu rẹ̀ sì tó fún un.

Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ ní èdè ìyá ni kí a máa fi kọ́ ọmọ ní pírámárì. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti wọ́gi lé e, òyìnbó ni kí a padà sí. N kò bá wọn jiyàn níbí, ọjọ́ ìyẹn ń bọ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹrù náà ti wúwo sí i lórí yín: olùkọ́ ìṣirò ni o, olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni o, òyìnbó ẹnu yín ni ọmọ Òkèihò yóò fi mọ ohun tí ìdá mẹ́ta jẹ́. Bí kò bá sì yé e, ẹ ó nílò Yorùbá tó já gaara láti fi ibi tí ó ti kọsẹ̀ hàn án, bí mo ṣe fi "z" hàn yín lọ́nà ọ̀fun. Àjàyí lo méjèèjì.

Ó tó. Mo rí i pé àwọn kan ti ń wo aago. Ẹ jọ̀ọ́, àwọn tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ẹ bá mi pín bébà inú páálí yẹn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún ènìyàn kọ̀ọ̀kan. Kí ẹnì kan bọ́ síwájú, kí ó fi òyìnbó ṣàlàyé fún wa bí a ó ṣe ká a di fìlà. Kò gbọdọ̀ gbé bébà tirẹ̀ sókè, kò gbọdọ̀ sọ "like this". Ẹ̀yin tó kù, ohun tó bá sọ gan-an ni kí ẹ ṣe, ẹ má bá a ro èyí tí kò sọ. Ìwọ tí o wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé lẹ́bàá fèrèsé, tí o ti ń fi ara pamọ́ sẹ́yìn ọ̀rẹ́ rẹ látàárọ̀, máa bọ̀.